Mílíọ̀nù 115 pọ́n-ùn tí Chelsea fi ra Caicedo: kí ni iye yẹn jẹ́ gan-an?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn olólùfẹ́ Liverpool ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ. Jürgen Klopp, tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé Liverpool àti Brighton ti fẹnu kò lórí Moisés Caicedo, ọmọ Ecuador tí ó ń gbá àárín pápá fún Brighton, mílíọ̀nù 111 pọ́n-ùn sì ni iye tí ìròyìn ń gbé kiri. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo máa ń lọ ní Ìbàdàn, bàbá kan tí ó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, tí gbogbo wa ń pè ní Alága nítorí pé òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ Liverpool, ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ní ọjà tó bá dáa, owó rẹ̀ kì í kéré.

Ní ọjọ́ Àìkú, Chelsea àti Liverpool gbá ọ̀mì, góòlù kan sí góòlù kan, ní Stamford Bridge. Ní ọjọ́ Ajé, Caicedo ti di ọmọ Chelsea, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé Liverpool kọ́ ni òun fẹ́. Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ni Chelsea fi rà á, pẹ̀lú mílíọ̀nù 15 tí ó ṣeé ṣe kí ó gorí rẹ̀. Ohùn Alága yí padà kíá. "Mílíọ̀nù mélòó? Nítorí ta ni? Wọ́n ti fi wọ́n ṣe múgùn!" Owó ọlọgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ti di owó òmùgọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin péré ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mi ò dá Alága lẹ́bi, torí pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ tí ó wà lábẹ́ yẹ̀yẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé mílíọ̀nù 115 jẹ́ àpò owó kan ṣoṣo tí Chelsea gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iye tí yóò jáde lápò ẹni tó rà, iye tí yóò hàn nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ́dọọdún, iye tí yóò dé ọwọ́ ẹni tó tà, àti iye tí agbábọ́ọ̀lù náà yóò jẹ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí a kò fẹ́ràn bá ra ìràwọ̀, èyí tí ó bá dùn ún fi rẹ́rìn-ín jù nínú wọn ni a máa ń mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí iye náà ti wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 kan náà, Arsenal fẹ́ san mílíọ̀nù 70 pọ́n-ùn fún Caicedo. Ọmọkùnrin náà bẹ Brighton ní gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, ṣùgbọ́n Brighton kọ̀ jálẹ̀, Arsenal sì lọ mú Jorginho lọ́wọ́ Chelsea ní mílíọ̀nù 12. Oṣù mẹ́jọ kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ẹni tí wọ́n kọ̀ láti tà ní 70 fi di 115. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù Kẹta ó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tí yóò mú un dé ọdún 2027. Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n ń rà: àdéhùn iṣẹ́ tí ó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ mìíràn ń sanwó kí wọ́n lè tú u. Bí àdéhùn náà bá ṣì gùn, owó ìtúsílẹ̀ á wọ́n. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, owó á já wálẹ̀. Bí ó bá parí pátápátá, agbábọ́ọ̀lù lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù ti dá a láre fún Jean-Marc Bosman ní ọdún 1995. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé Caicedo tó mílíọ̀nù 115, èsì mi ni pé ìbéèrè náà kò dúró dáadáa. Iye tí Brighton lè fi dúró láìtà á ni kí ó bèèrè.

Brighton sì lè dúró. Owó tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ Independiente del Valle ní ọdún 2021 kò tó mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn, kò sí ẹni tí ó ń dẹ̀rù bà wọ́n, olówó méjì sì dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni tí ó bá ti rí ọlọ́rọ̀ méjì tí wọ́n ń du àgbò kan ṣoṣo ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá mọ ohun tí ojú Brighton rí lọ́sẹ̀ yẹn. Bí Liverpool kò bá dá sí i, ó dá mi lójú pé Chelsea ìbá ti rà á ní iye tí ó kéré sí i. Àwọn ọmọ Liverpool tí wọ́n ń fi Chelsea rẹ́rìn-ín gbàgbé pé ẹgbẹ́ tiwọn wà lára àwọn tí ó sọ ọjà náà di ọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń san án. Mílíọ̀nù 15 tí ó wà lókè yẹn kì í ṣe gbèsè tó ti dájú. Owó àfikún ni, tí wọ́n so mọ́ àwọn nǹkan tí ó lè ṣẹlẹ̀ tàbí kí ó má ṣẹlẹ̀, irú bíi kí agbábọ́ọ̀lù gbá iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tàbí kí ẹgbẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ. Nínú ọ̀rọ̀ Declan Rice, tí Arsenal rà lọ́wọ́ West Ham ní oṣù Keje ọdún 2023, mílíọ̀nù 100 ni ìpìlẹ̀, mílíọ̀nù márùn-ún ni àfikún. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń pe iye owó: tí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n á yọ àfikún kúrò, tí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á rò ó mọ́ ọn, wọ́n á sì tún ṣẹ́ ẹ sí náírà kí ó lè bani lẹ́rù.

Ìpìlẹ̀ náà pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n sábà máa ń san án. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn ni a mọ̀ sí òṣómàáló: wọ́n á gbé aṣọ fún ọ lónìí, wọ́n á máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ bá sì pé tí o kò san án, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí tí o fi máa san án. Òwò agbábọ́ọ̀lù lóde òní, òṣómàáló gan-an ni. Nígbà tí Galatasaray ra Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní oṣù Keje ọdún 2025, mílíọ̀nù 75 yúrò ni ariwo rẹ̀, iye tí ẹgbẹ́ kankan ní Tọ́kì kò san rí fún agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 40 ni wọ́n là kalẹ̀ láti kọ́kọ́ san, wọ́n sì pín 35 tí ó kù sí ọjọ́ iwájú. Ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ gbèsè tí kò san án, FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ni yóò bá ẹni tó tà lóṣòó: wọ́n lè fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun kankan sílẹ̀.

Èyí tí kò sí àwìn nínú rẹ̀ tún wà. Òfin ilẹ̀ Spéènì fi ààyè gba agbábọ́ọ̀lù láti san owó kan tí wọ́n ti kọ sínú àdéhùn rẹ̀, kí ó sì máa lọ, ìbáà wu ẹgbẹ́ rẹ̀ ìbáà má wù ú. Báyìí ni Neymar ṣe kúrò ní Barcelona lọ sí Paris Saint-Germain ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Mílíọ̀nù 222 yúrò ni wọ́n gbé kalẹ̀, ó sì ju ìlọ́po méjì mílíọ̀nù 105 tí Manchester United san lórí Paul Pogba ní ọdún tó ṣáájú. La Liga, àjọ tó ń darí líìgì Spéènì, kọ́kọ́ kọ̀ láti gba owó náà, ni àwọn agbẹjọ́rò bá gbé e lọ fún Barcelona tààrà. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ó ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ni ìwé ìṣirò, nítorí náà màá rọra sọ ọ́. Ká ní ìyá kan ní ọjà ra ẹ̀rọ ìlọta ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 náírà, tí ó sì mọ̀ pé yóò sin òun fún ọdún mẹ́jọ. Bí ìyá yìí bá kọ gbogbo owó náà sí ọrùn oṣù tí ó rà á, oṣù yẹn yóò dà bí ẹni pé ó ti wọ gbèsè, oṣù tó tẹ̀lé e yóò sì dà bí ẹni pé ó ń lọ ata láìní ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Tí ó bá gbọ́n nínú ìṣirò, yóò pín owó ẹ̀rọ náà sí ọdún mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún 100 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ náà kù ní ẹgbẹ̀rún 500 nínú ìwé rẹ̀. Tí ó bá wá tà á ní ẹgbẹ̀rún 600, àwọn aládùúgbò á ní ó pàdánù ẹgbẹ̀rún 200, àmọ́ ìwé rẹ̀ yóò sọ pé ó jèrè ẹgbẹ̀rún 100.

Ohun tí Chelsea ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n fún Caicedo ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì lè pín mílíọ̀nù 100 sí ọ̀nà mẹ́jọ, kí ó di mílíọ̀nù 12.5 lọ́dún. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ti dá ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 nígbà tí wọ́n ra Enzo Fernández lọ́wọ́ Benfica ní mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn, tí wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Nígbà tí àwọn tó kù rí i, wọ́n figbe ta. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ṣòfin pé láti oṣù Keje ọdún 2023, bí ó ti wù kí àdéhùn gùn tó, ọdún márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pín owó rẹ̀. Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ṣùgbọ́n kò kan àwọn àdéhùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 12.5 lọ́dún ni Caicedo lójú Premier League, mílíọ̀nù 20 lọ́dún sì ni lójú UEFA. Agbábọ́ọ̀lù kan, ìwé méjì.

Èyí ni ó ṣàlàyé ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ Arsenal àti Liverpool: "Báwo ni Chelsea ṣe ń ná gbogbo owó yìí tí wọn ò gba àmì lọ́wọ́ wọn?" Òfin Premier League láwọn sáà náà sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n sì máa ń yọ owó tí ẹgbẹ́ ná lórí kíkọ́ pápá, títọ́ ọmọdé àti bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kúrò nínú ìṣirò. Òfin náà kì í ṣe ẹnu lásán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n yọ àmì mẹ́wàá lára àmì Everton kí wọ́n tó dín in kù sí mẹ́fà, wọ́n sì yọ mẹ́rin lára ti Nottingham Forest ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìpín ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà nínú owó tí a fi ra agbábọ́ọ̀lù, nígbà tí èrè tí a jẹ lórí ẹni tí a tà ń wọlé ní odidi lọ́dún tí a tà á. Ẹ wo Mason Mount, tí ó wà ní Chelsea láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọn kò ra òun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí owó kankan tó kù lórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tí Manchester United sì rà á ní mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn ní oṣù Keje ọdún 2023, èrè pátá ni owó náà jẹ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ńlá fi ń ta ọmọ tí wọ́n tọ́ kí wọ́n lè ra ọmọ ọlọ́mọ, ohun tí kò dára tó lójú tèmi, ṣùgbọ́n tí ìṣirò fọwọ́ sí.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pé àwọn tí ń pariwo lòdì sí Chelsea jàre. Chelsea ta ilé ìtura méjì tí ó wà lẹ́bàá pápá wọn ní mílíọ̀nù 76.5 pọ́n-ùn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó wà lábẹ́ olówó kan náà, wọ́n sì kà á sí èrè. Owó kúrò lápò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì. Premier League kò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ UEFA kì í ka irú owó bẹ́ẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2025 sì ni wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 31 yúrò lé Chelsea lórí nítorí ìṣirò owó wọn. Láti sáà 2026/27, àwọn ẹgbẹ́ Premier League ti dìbò pé kí wọ́n pa òfin mílíọ̀nù 105 tì, kí wọ́n sì máa fi owó tí ẹgbẹ́ ń ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù wé owó tó ń wọlé fún un: kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Nínú gbogbo owó yìí, kí ni agbábọ́ọ̀lù rí? Nínú owó ìtúsílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sábà rí nǹkan kan. Owó oṣù rẹ̀ àti owó ìfọwọ́síwèé, ìṣirò mìíràn nìyẹn, tí òun àti aṣojú rẹ̀ máa ń bá ẹgbẹ́ tuntun dúnàádúrà lé lórí lọ́tọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bú ọmọ ọdún 21 pé ó ń jẹ mílíọ̀nù 115 láìṣiṣẹ́, owó tí kò wọ àpò rẹ̀ ni a fi ń bú u.

Àwọn tí ó tọ́ ọ ní kékeré ni òfin dá ìpín sí. FIFA sọ pé kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù ti wà láti ọmọ ọdún 12 títí di 23: ìdá 0.25 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15, àti ìdá 0.5 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 dé 23. Lórí mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn, ẹgbẹ́ tí ọmọ kan lo ọdún kan péré lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17 lè gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 pọ́n-ùn. Láti oṣù Keje ọdún 2020, ẹ̀tọ́ yìí dúró kódà bí títà náà bá wáyé láàárín ẹgbẹ́ méjì nínú orílẹ̀-èdè kan, bí ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọmọ náà bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ àwọn ọmọ ní Èkó àti Abẹ́òkúta, ibí ni ọ̀rọ̀ yín wà: ọmọ tí ẹ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù bó ti yẹ, bí ó bá di ọ̀wọ́n lọ́la, ẹnu lásán ni ẹ ó máa fi sọ pé ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ.

Ṣé àwọn ọmọ Liverpool kò wá rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí ni? Wọ́n rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Caicedo wọlé ní ìlàjì kejì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ fún Chelsea, ní pápá West Ham, ó sì gbá ẹsẹ̀ Emerson nínú àpótí góòlù nígbà tí àkókò fẹ́ẹ́ pé, Lucas Paquetá gbá pẹnáritì náà wọlé, ó di mẹ́ta sí ọ̀kan. Alága dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, ó ń ka owó lójú àwọn ọmọ Chelsea. Wataru Endo, tí Liverpool rà láti Jámánì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ yẹn, ni ó wá di ọjà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi yangàn. Ìdájọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kò sì lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n pín sí ọdún mẹ́jọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Caicedo wà lára àwọn tí ó lu Paris Saint-Germain ní 3-0 láti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, mílíọ̀nù 75 péré sì ni ó kù lórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ká ní ẹnì kan rà á ní 80 lọ́jọ́ náà, àwa ìbá kígbe pé Chelsea pàdánù, àwọn oníṣirò wọn ìbá sì máa jó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Liverpool ra Alexander Isak lọ́wọ́ Newcastle ní mílíọ̀nù 125 pọ́n-ùn, iye tí kò tíì sí irú rẹ̀ rí ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ra Florian Wirtz láti Leverkusen ní mílíọ̀nù 100 pẹ̀lú àfikún 16. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọmọ Chelsea pọ́ńbélé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alága. "Ẹ kú ìnáwó o, sà. Ẹ ní àwa ni wọ́n fi ṣe múgùn níjọ́sí. Ẹ̀yin ńkọ́?" Gbogbo ilé ìwòran pariwo. Alága ní kí ó dìde, pé mílíọ̀nù 125 kò tó nǹkan lórí ẹni tó mọ góòlù.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó fà mí sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń pín in sí ọdọọdún yẹn, èló ni Isak?" Mo ní wọ́n fún un ní ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ ju ìpín márùn-ún lọ, nítorí náà mílíọ̀nù 25 ni lọ́dún, sà. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èló lo pe ti Caicedo?"

Mo ní mílíọ̀nù 12.5.

Alága bojú wẹ̀yìn wo ibi tí ọmọ télọ̀ náà jókòó sí. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́."